Bí ẹ ṣe máa de síìtì ọmọ mọ́ mọ́tò yín tí ò fi ní mì

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ní mọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ọmọ jòjòló gba ojú títì Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn tàbí tẹ́ ẹ máa ń kọrí sí Ìlọrin. Síìtì ọmọ, ìyẹn àga kékeré olókùn tí wọ́n ń de ọmọ sí nínú mọ́tò, ti ń pọ̀ nílùú báyìí, mo ń rí i nínú mọ́tò ní Tákíé, mo ń rí i níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday àti níwájú ilé ìwé jẹ́léósinmi, inú mi sì ń dùn sí i gan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tì í díẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, torí ńṣe ni wọ́n kàn gbé e lé orí síìtì ẹ̀yìn, wọ́n gbé ọmọ sínú ẹ̀, ó parí. Síìtì tí wọn ò dè mọ́ mọ́tò, òun àti ọmọ inú ẹ̀ ló máa jọ fò lọ síwájú tí mọ́tò bá gbá nǹkan. Dídè yẹn gan-an niṣẹ́, òun ni mo sì fẹ́ ká jọ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ọwọ́ ìyá, torí òun la gbójú lé jù. Ìyá àgbà á ní "ẹ gbé e fún mi jàre, gbogbo ẹ̀yin tí mo bí, ọwọ́ ni mo fi gbé yín," òótọ́ sì ni wọ́n sọ, ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò ẹ̀. Tí mọ́tò tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá gbá nǹkan tó dúró gbọn-in, gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀ lè wúwo ní ìlọ́po 20 sí 30 lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 10 á di kìlógíráàmù 200 sí 300 lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 4 sí 6 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí apá tó lè di ìyẹn mú. Èyí tó tún burú jù ni kí ìyá jókòó síwájú, kó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ tàbí kó fi ọ̀já so ó mọ́ àyà, kó wá fa bẹ́líìtì kan yí àwọn méjèèjì ká, torí ara ìyá fúnra ẹ̀ ló máa tẹ ọmọ yẹn mọ́ bẹ́líìtì. Pípọ̀n náà ò dáa nínú mọ́tò, ẹ̀yìn ìyá àti ẹ̀yìn síìtì ló máa há ọmọ mọ́ àárín. NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ti ṣírò ẹ̀ pé síìtì ọmọ ń dín ikú àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan kù ní ìdá 71 nínú 100 nínú mọ́tò kékeré, ti àwọn ọmọ ọdún 1 sí 4 sì jẹ́ ìdá 54.

Síìtì wo lẹ fẹ́ rà

Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń wọ ìlú wa, tòkunbọ̀ ni, bóyá ẹ̀gbọ́n kan ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí kẹ́ ẹ rí i níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ ò burú, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ló fún yín, ẹ bi í tààrà bóyá mọ́tò tí síìtì yẹn wà ti ní jàmbá rí. Tó bá ti ní in, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ má lò ó. Tó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ ibi tó ti wá, ẹ yí i padà, ẹ wo ìdí ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára sítíkà tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ike. Síìtì ní ọjọ́ orí o. Èyí tó pọ̀, ọdún 6 sí 10 ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, àwọn ti Amẹ́ríkà sì sábà máa ń kọ "Do not use after" sí i pẹ̀lú ọjọ́ tó máa parí. Ike ń gbó, oòrùn ìlú wa ò sì fi ike ṣeré rárá. Tí sítíkà ò bá sí lára ẹ̀ mọ́, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ẹ ṣí aṣọ ara ẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ wo ike bóyá ó sán, ẹ wo fóòmù ibi orí bóyá ó ti kán, ẹ fa àwọn okùn ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ wò ó bóyá etí ẹ̀ ti ń tú, ẹ ki irin ẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ kó dún, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì kó jáde, kẹ́ ẹ ṣe é léraléra. Ẹ tún ṣọ́ra fún àga ọmọ tó ní irin tí wọ́n fi ń gbé e lọ́wọ́ tí wọ́n ń tà bíi síìtì mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá yí i po tí ẹ ò rí ibi tí bẹ́líìtì mọ́tò máa gbà, tí ẹ ò sì rí sítíkà tó sọ ìwọ̀n ọmọ tó wà fún, àga ilé nìyẹn, ẹ má gbé e wọ mọ́tò.

Sítíkà yẹn náà ló máa sọ bóyá ọmọ yín bá a mu. Èyí tó wá láti Yúróòpù ní sítíkà aláwọ̀ ọsàn tó ní lẹ́tà E nínú róbótó. R44 àti R129 ni orúkọ ìlànà ààbò tí wọ́n fi ṣe é. Tó bá jẹ́ R44 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kìlógíráàmù ni wọ́n fi ń kà á: ìpín 0+ wà fún ọmọ tí ò ju 13 lọ, ìpín 1 fún 9 sí 18, ìpín 2 fún 15 sí 25, ìpín 3 fún 22 sí 36. Tó bá jẹ́ R129, gíga ọmọ ní sẹ̀ntímítà ni wọ́n ń wò. Ti Amẹ́ríkà máa ń kọ páùn àti íǹṣì sí i, páùn 22 sì jẹ́ kìlógíráàmù 10. Ẹ má fojú wọn ọmọ. Ìwọ̀n ẹ̀ wà nínú káàdì àjẹsára tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ, ẹ lọ wo èyí tí wọ́n kọ kẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín máa ká, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má ra èyí kékeré tó wà fún ọmọ tuntun nìkan, torí láàárín ọdún kan tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ọmọ á ti ga jù ú lọ. Ẹ ra irú èyí tó lè kọjú sẹ́yìn, ìyẹn ni pé ojú ọmọ á kọ sí ẹ̀yìn mọ́tò, láti ìgbà tí wọ́n bí ọmọ, tẹ́ ẹ sì lè yí síwájú tó bá dàgbà. Ó máa ń gbàyè nínú mọ́tò o, Corolla á fún díẹ̀, àmọ́ ó máa pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ yẹ mọ́tò wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Mọ́tò tó pọ̀ níbí, wọ́n ti rán kọ́fà sí síìtì ẹ̀. Kọ́fà yẹn rẹwà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tó rán an máa ń bo ẹnu tí bẹ́líìtì ẹ̀yìn ń kó sí mọ́lẹ̀, tàbí kí bẹ́líìtì fúnra ẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn síìtì látìgbà tí wọ́n ti ra mọ́tò torí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì, ẹ wá gbogbo ẹ̀ jáde. Tí kọ́fà bá bò ó, ẹ pe ẹni tó rán an kó wá la ojú ihò síbẹ̀, kìí gbà á lásìkò rárá. Ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan jáde tán, ẹ wò ó bóyá eku ti jẹ ẹ́ tàbí ó ti já létí, ẹ fà á lójijì kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa há. Bẹ́líìtì tí ò há, tàbí tí ẹnu ẹ̀ ò dún kà tẹ́ ẹ bá kì í bọ̀ ọ́, ẹ má de ọmọ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì pààrọ̀ ẹ̀ ná.

Bẹ́ ẹ ṣe kiwọ́ bọ ibẹ̀ yẹn, ẹ lè fọwọ́ kan irin róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tí àyè tó wà láàárín wọn tó sẹ̀ntímítà 28. Ohun tí wọ́n ń pè ní ISOFIX nìyẹn, síìtì ọmọ lè kọ́ mọ́ ọn láìlo bẹ́líìtì mọ́tò, LATCH làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Gbogbo mọ́tò kékeré tuntun tí wọ́n kọ́ fún Amẹ́ríkà láti September 2002 ló ní i, torí náà tí Corolla tàbí Camry tàbí Sienna yín bá jẹ́ ti 2003 síwájú tó sì wá láti Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ tí kọ́fà kàn bò ó. Tí kò bá sí, ẹ má dààmú. Bẹ́líìtì mọ́tò tẹ́ ẹ dè dáadáa ò kéré sí ISOFIX, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí

Ẹ̀yìn ni. Síìtì tó kọjú sẹ́yìn ò gbọdọ̀ wà níwájú mọ́tò tó ní airbag, ìyẹn bàlúù tó ń wú jáde lójijì tí mọ́tò bá gbá nǹkan, láéláé, torí airbag yẹn ń tú jáde pẹ̀lú agbára tó lè pa ọmọ, ẹ̀yìn síìtì gan-an níbi tí orí ọmọ wà ló máa gbá. Àwọn kan á ní airbag àwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ torí iná ẹ̀ ti wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná yẹn kàn ń sọ pé nǹkan kan ò lọ déédéé nínú ẹ̀ ni, kò ní kẹ́ ẹ lọ fi ọmọ dán an wò.

Nínú síìtì ẹ̀yìn, àárín ló jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jù, òun ló dáa jù tí síìtì ọmọ bá lè jókòó pa níbẹ̀ kó sì le. Lọ́pọ̀ mọ́tò àárín yẹn ga, síìtì á máa mì lórí ẹ̀, irin ISOFIX ò sì sábà sí níbẹ̀. Tó bá ń mì, ẹ gbé e sí apá ọ̀tún, lẹ́yìn ẹni tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà. Ọ̀tún là ń wà ní Nàìjíríà, torí náà ilẹ̀kùn ọ̀tún ló kọjú sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ lè ṣí i láìsí pé ọ̀kadà kan ń bọ̀ wá gbá yín nígbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọmọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fi bẹ́líìtì mọ́tò dè é

Ẹ gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú, torí síìtì tó kọjú sẹ́yìn ní ìlà kan tàbí nǹkan róbótó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń sọ bó ṣe yẹ kó fẹ̀yìn tì tó, kò sì lè sọ òótọ́ tí mọ́tò bá wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fa síìtì iwájú síwájú kẹ́ ẹ ráyè, ẹ gbé síìtì ọmọ kalẹ̀ kí ìdí ẹ̀ jókòó pa. Ọmọ tuntun fẹ́ kó rọ̀gbọ̀kú, bíi digirí 45. Tó bá dúró jù, orí ọmọ á ṣubú síwájú, àgbọ̀n á kan àyà, èémí ò sì ní máa lọ geere. Tí ìlà yẹn bá sọ pé kò rọ̀gbọ̀kú tó, ọ̀pọ̀ síìtì gbà kẹ́ ẹ ká tọ́wẹ́ẹ̀lì kan ṣinṣin sábẹ́ ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tí ìjókòó mọ́tò àti ìfẹ̀yìntì ti pàdé, ìwé ẹ̀ ló máa sọ. Tí ìwé ò bá sí, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára sítíkà sí Google, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ti gbé ìwé wọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó kan bẹ́líìtì wàyí. Síìtì tó lè kọjú sọ́nà méjèèjì ní ojú ihò méjì tí bẹ́líìtì lè gbà, ibí yìí sì ni àwọn èèyàn ti ń ki bẹ́líìtì gba ihò tí kì í ṣe tiẹ̀. Èyí tó wà nítòsí itan ọmọ, tó gba iwájú, òun ló sábà wà fún kíkọjú sẹ́yìn. Èyí tó gba ẹ̀yìn ọmọ kọjá wà fún kíkọjú síwájú. Lára síìtì Yúróòpù, búlúù ni wọ́n fi kun ti kíkọjú sẹ́yìn, pupa ni ti kíkọjú síwájú, ti Amẹ́ríkà máa ń ní sítíkà tó ya bẹ́líìtì síbẹ̀. Ẹ ki bẹ́líìtì gbà á, kó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má lọ́ níbì kankan, kẹ́ ẹ kì í bọ ẹnu ẹ̀ títí á fi dún.

Lẹ́yìn èyí ni kẹ́ ẹ ti bẹ́líìtì yẹn pa kó má lè dẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ òbí ò sì mọ apá ibí yìí rárá. Bẹ́líìtì mọ́tò, bá a ṣe mọ̀ ọ́n, ń dẹ̀ tí ara wa bá sún síwájú, ìgbà tí mọ́tò bá dúró lójijì tàbí tẹ́ ẹ bá fà á lójijì nìkan ló ń há. Ìyẹn ò tó fún síìtì ọmọ, torí kó tó há, síìtì á ti máa fì kiri ní gbogbo kòtò ojú ọ̀nà. Ẹ rọra fa apá tó ń gba èjìká jáde, ẹ fà á, ẹ fà á títí tí kò fi ní kù mọ́. Ẹ wá jẹ́ kó máa padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa gbọ́ kó máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bó ṣe ń wọlé, nígbà yẹn kò lè jáde mọ́, wíwọlé nìkan ló kù tó ń ṣe. Mọ́tò kékeré tí wọ́n kọ́ fún Amẹ́ríkà láti 1996 ló sábà ní i lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fà á dópin tí kò dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ẹ wo ara síìtì ọmọ bóyá ó ní kílíìpù tirẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi há bẹ́líìtì mọ́lẹ̀, ó sábà máa ń ní àwọ̀ tó yàtọ̀. Tí ìyẹn náà ò bá sí, irin pẹlẹbẹ kan wà tó rí bíi lẹ́tà H tí wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ àwọn síìtì Amẹ́ríkà kan, wọ́n ń fi so apá èjìká àti apá ìbàdí bẹ́líìtì pọ̀, kò sì gbọdọ̀ jìnnà ju sẹ̀ntímítà 2 àbọ̀ lọ sí irin tẹ́ ẹ kì bọ ẹnu bẹ́líìtì.

Kó tó le, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Fún èyí tó kọjú síwájú, ẹ fi orúnkún kan lé ibi tí ìdí ọmọ máa wà, ẹ tẹra mọ́ ọn, kẹ́ ẹ máa fa apá èjìká bẹ́líìtì lọ sókè bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀ yẹn á sì máa gbà á wọlé. Fún èyí tó kọjú sẹ́yìn, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tì í sísàlẹ̀ àti sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, kí ọ̀kan máa tẹ̀, kí ìkejì máa fà. Ẹ má lọ gùn ún.

Ó wá ku àyẹ̀wò. Ẹ di síìtì mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá gan-an, kì í ṣe lórí, kẹ́ ẹ fì í sọ́tùn-ún sósì, síwájú sẹ́yìn, ọwọ́ òsì ti tó bí ẹ ò bá ń lo òsì. Kò gbọdọ̀ sún ju sẹ̀ntímítà 2 àbọ̀ lọ, ìyẹn íǹṣì kan. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ tú u kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ẹ má fi ọgbọ́n bò ó. Òkè síìtì tó kọjú sẹ́yìn lè máa mì díẹ̀, ìyẹn ò burú, ibi tí bẹ́líìtì wà ló gbọ́dọ̀ le.

Tó bá jẹ́ ISOFIX lẹ fẹ́ lò, ẹ ti apá méjèèjì síìtì sí irin méjèèjì títí ẹ máa fi gbọ́ kó dún lẹ́ẹ̀méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àmì tó máa yí sí gíríìnì. Ti Amẹ́ríkà lè jẹ́ okùn tó ní ìkọ́ lẹ́nu, ẹ kọ́ ọ, ẹ tẹ síìtì, ẹ fa okùn. Ẹ má lo bẹ́líìtì àti ISOFIX pọ̀ àfi tí ìwé síìtì bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Fún síìtì Amẹ́ríkà, tí ọmọ àti síìtì bá ti ju kìlógíráàmù 29 lọ lápapọ̀, bẹ́líìtì ni kẹ́ ẹ padà sí.

Okùn òkè

Síìtì tó kọjú síwájú sábà máa ń ní okùn kan lẹ́yìn orí ẹ̀ tó ní ìkọ́. Èyí tí mo ń rí, ó kàn ń fì lẹ́yìn lásán ni. Okùn yẹn ló ń dá orí ọmọ dúró kó má fò jìnnà, ó lè dín bí orí ṣe ń lọ síwájú kù ní sẹ̀ntímítà 10 sí 15, ìyẹn sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kí orí kan ẹ̀yìn síìtì iwájú àti kó má kàn án. Nínú Corolla àti Camry, ibi tí ẹ máa kọ́ ọ sí wà lórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn síìtì ẹ̀yìn, lábẹ́ ojú gíláàsì, ike kékeré ló bo irin náà. Tí wọ́n bá ti gbé sípíkà ńlá lé pẹpẹ yẹn tàbí tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i, abẹ́ ẹ̀ ló wà, ẹ yọ ọ́. Nínú Sienna àti jíìpù, ẹ wo ẹ̀yìn síìtì náà lọ́hùn-ún tàbí ilẹ̀ búùtù. Ẹ kọ́ ọ, ẹ fà á le.

Ọmọ wọlé

Ìdí ọmọ gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn síìtì. Tó bá kọjú sẹ́yìn, okùn èjìká gbọ́dọ̀ jáde láti ibi tó bá èjìká ọmọ dọ́gba tàbí tó rẹlẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Tó bá kọjú síwájú, kó bá èjìká dọ́gba tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Ẹ ki irin okùn bọ ẹnu ẹ̀, kó dún, ẹ wá fa okùn ìsàlẹ̀ kó fún. Ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti ká okùn yẹn pọ̀ léjìká ọmọ, tí ìka bá lè mú un, ó ṣì dẹ̀, tí ìka bá ń yọ̀ kúrò lórí ẹ̀, ó ti tó. Síìtì Amẹ́ríkà ní kílíìpù kan láyà, abíyá ọmọ ni kó bá dọ́gba, kó má wà ní ikùn, kó má sì wà lọ́rùn.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ má wọ súwẹ́tà tó nípọn fún ọmọ kẹ́ ẹ tó dè é, ẹ má sì fi ìborùn dì í pọ̀ sínú okùn, torí aṣọ yẹn á fún pọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí mọ́tò bá gbá nǹkan, okùn á wá dẹ̀. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ fún un, ẹ dè é, ẹ wá fi ìborùn bò ó láti òkè. Ẹ má fi ìrọ̀rí sẹ́yìn orí ẹ̀, ohun tí ò bá bá síìtì wá kò yẹ kó wà láàárín ọmọ àti okùn.

Ìgbà wo lẹ máa yí i síwájú? Ẹ má kánjú. Ìlànà R129 ní ọmọ ò gbọdọ̀ kọjú síwájú kó tó pé oṣù 15, àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà sì ní kó kọjú sẹ́yìn títí ìwọ̀n tàbí gíga ẹ̀ á fi kọjá èyí tí síìtì náà lè gbà. Orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara ẹ̀, egungun ọrùn ẹ̀ ò sì tíì gbó. Tó bá kọjú síwájú, ọrùn nìkan ló máa di orí ńlá yẹn mú. Tó bá kọjú sẹ́yìn, ike ẹ̀yìn síìtì ló máa gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn pọ̀. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ọmọ ti gùn, ó ti ń ká kò. Ká má rí i bí nǹkan tó ń dùn ún, ọmọdé fẹ́ràn kó ká ẹsẹ̀, bó ṣe ń jókòó nílé náà nìyẹn.

Nígbà tó bá ju síìtì olókùn lọ, ẹ ra èyí tó ń gbé ọmọ ga kí bẹ́líìtì mọ́tò lè gba ibi tó yẹ: apá ìsàlẹ̀ lórí itan lókè, kó má gun ikùn, apá òkè ní àárín èjìká, kó má kan ọrùn, kó má sì gba abẹ́ apá. Irú síìtì yìí ò ṣeé lò pẹ̀lú bẹ́líìtì tó gba ìbàdí nìkan. Ọmọ á máa lò ó títí á fi ga tó bíi sẹ̀ntímítà 145, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì ti ju ọdún 8 lọ kó tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Lójú ọ̀nà

Ọmọ tí ọ̀já mọ́ lára á ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dájú. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ ọ láàárín ìgboro, láti Sábó dé Tákíé, kí ẹnì kan jókòó tì í lẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó gbé e jáde síta. Tó bá fẹ́ mu ọmú láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ẹ yà sí ilé epo, ẹ fún un, ẹ padà dè é. Kí ìyá má tú u lórí ìrìn torí ó ń sunkún, ibi tí tírélà pọ̀ sí lójú ọ̀nà yẹn ni ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wà láìde ara ẹ̀. Fún ọmọ jòjòló, wákàtí 2 ti tó, ẹ dúró, ẹ gbé e jáde kó na ara. Tẹ́ ẹ bá délé tó ti sùn, ẹ gbé e jáde sórí bẹ́ẹ̀dì, síìtì ò ṣeé fi ṣe ibùsùn.

Oòrùn náà ńkọ́. Irin okùn lè gbóná débi tó máa jó awọ ọmọ, ẹ fi aṣọ funfun bo síìtì tẹ́ ẹ bá páàkì, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ sí i. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò, kódà kẹ́ ẹ kàn fẹ́ ra nǹkan, torí láàárín ìṣẹ́jú 10 inú mọ́tò lè fi bíi digirí 10 gbóná sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ní mọ́tò tẹ́ ẹ ń wọ takisí, ẹ lè gbé síìtì lọ́wọ́ lọ. Ẹ wá dẹ́rẹ́bà kan tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ bi í lórí fóònù ṣáájú pé ṣé bẹ́líìtì ẹ̀yìn mọ́tò ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ san owó síìtì kan kún un kí wọ́n má bàa fún ọmọ mọ́ èèyàn mẹ́rin.

Ẹ fi ọwọ́ fì í wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tún wò ó ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ mọ́tò dé, torí wọ́n máa ń tú u, wọ́n kàn ń gbé e padà lásán ni. Ọṣẹ díẹ̀ àti omi ni kẹ́ ẹ fi nu okùn ẹ̀, ẹ má fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, ó ń jẹ okùn. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àwọn Road Safety ni 122, kó wà lórí fóònù yín. Tí mọ́tò bá ní jàmbá ńlá, síìtì yẹn ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán, kódà tẹ́ ẹ ò bá rí ibi tó sán. Ẹ má fún ẹlòmíràn, ẹ má tà á. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo okùn ẹ̀, ẹ fi máákà kọ "ó ti ní jàmbá" sára ike ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e síbi tí wọ́n ń da pàǹtí sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e lọ sọ́jà.